Àrokò Inú Ẹyinjú: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Di Ìròyìn fún Ọpọlọ

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú ní òní lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹyinjú ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí ohun tí ojú rí ṣe ń di ìròyìn tí ọpọlọ lè kà. Kí ni ó wá kan olùkọ́ èdè níbẹ̀?

Ohun méjì ni. Èkíní ni pé àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì a máa béèrè lọ́wọ́ àwa tí a wà ní ẹ̀ka èdè pé kí a fún wọn ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọn yóò fi ṣàlàyé iṣẹ́ tí ń lọ nínú ẹ̀yà ara. Wọn kò jẹ̀bi. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní 1970 ni ó ti hàn gbangba pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e yékéyéké. Èkejì ni pé àrùn ojú kan wà tí ó ń jà láàárín wa, tí ẹni tí ó ní in kì í sì í mọ̀ pé òun ní in. Bí a kò bá kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ń lọ ní ẹ̀yìn ẹyinjú, ìkìlọ̀ àwọn oníṣègùn lórí àrùn náà yóò kàn máa gba etí wa kọjá ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ibi tí sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára kan ti ń ránṣẹ́ sí òmíràn ni sínáàpùsì. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbó púpọ̀. Ní 1897 ni Charles Sherrington lò ó, nígbà tí òun àti Michael Foster ń ṣe àtúntẹ̀ ìwé ìkọ́ni tí Foster kọ nípa iṣẹ́ ẹ̀yà ara. Inú mi dùn láti sọ fún yín pé kì í ṣe oníṣègùn ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Foster tọ Verrall lọ ní Cambridge, ọ̀mọ̀wé tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ eré onítàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, Verrall ni ó sì fa ọ̀rọ̀ náà yọ láti inú èdè Gíríìkì, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kí nǹkan méjì di ara wọn mú. Olùkọ́ èdè ni ó sọ ọmọ náà lórúkọ!

Àbùkù kan ṣoṣo ni mo rí nínú orúkọ ọ̀hún: àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò di ara wọn mú. Àlàfo wà láàárín wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún yàwòrán àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní ẹ̀yìn ojú ẹyẹ àti ẹranko, ti tẹnu mọ́ ọn kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀. Camillo Golgi ará Ítálì ní irọ́ ni, pé ńṣe ni gbogbo wọn so kọ́ra bí àwọ̀n apẹja. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, wọ́n sì ta ko ara wọn níbi tí wọ́n ti ń gbà á. Lẹ́yìn 1950 ni ẹ̀rọ amúǹkantóbi tí ó ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wá fi àlàfo náà hàn fún ojú, tí ọ̀rọ̀ Cajal sì jóòótọ́.

Nígbà tí àlàfo wà, tí sẹ́ẹ̀lì kan kò fọwọ́ kan èkejì, báwo ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Oògùn kíún ni sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ń tú sínú àlàfo náà. Oògùn yìí yóò sọdá, yóò sì kan ohun kan tí a dìídì ṣe dè é lára sẹ́ẹ̀lì kejì. Àwa Yorùbá kò ṣàì mọ irú ìránṣẹ́ yìí. Àwọn bàbá wa a máa pàrokò. Ẹni tí ó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ti sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i. Bí onítọ̀hún bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, ọ̀rọ̀ wọn jọ nìyẹn. Owó ẹyọ kò ní ẹnu. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí n fún sínáàpùsì ní orúkọ Yorùbá, ojú ìpàrokò ni n ó pè é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gba àrokò ni ìtumọ̀ wà, nítorí pé a ó padà bá a láìpẹ́.

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ọmọlójú wọlé ti ń balẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí kò nípọn tó ìdajì mílímítà. Òun ni wọ́n ń pè ní rẹ́tínà. Èmi yóò pè é ní awọ ìríran. Ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró. Àwọn agbàmọ́lẹ̀ ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀. Àwọn alárinà ń gba ìròyìn lọ́wọ́ wọn. Àwọn akéde sì ń kó o lọ fún ọpọlọ nípasẹ̀ iṣan ojú. Ohun ìyanu ni pé àwọn agbàmọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n wà ní ẹ̀yìn pátápátá, tí ìmọ́lẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la àárín àwọn yòókù kọjá kí ó tó kàn wọ́n. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé àga sínú gbọ̀ngàn tí ó sì kọ ẹ̀yìn gbogbo wọn sí olùkọ́.

Oríṣi agbàmọ́lẹ̀ méjì ni ó wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀kan wé ọ̀pá, ó sì fi èkejì wé ohun tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ti èkejì kò le rárá: òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta nílẹ̀ ni, sẹ́ẹ̀lì olókòtó ni n ó pè é. Ti àkọ́kọ́ ni ó ṣòro díẹ̀. Bí olùkọ́ bá wọ kíláàsì tí ó ní ọlọ́pàá tí ó lé ní mílíọ̀nù 90 ni ó wà nínú ojú kan, ẹ̀rín ni àwọn ọmọ yóò fi pa á, wọn yóò sì béèrè ẹni tí wọ́n wá mú. Mo fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì onígi.

Àwọn onígi ni ó pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Òru ni iṣẹ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó nǹkan, àní ẹyọ hóró kan ṣoṣo tí a kò lè pín sí wẹ́wẹ́ mọ́, tó láti jí ọ̀kan nínú wọn. Àwọn olókòtó kò ju mílíọ̀nù 4 sí 6 lọ. Àwọn ni wọ́n ń fún wa ní àwọ̀ àti ríríran kedere ní ọ̀sán. Bí iná ìjọba bá lọ lójijì ní Ìbà lálẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ ó ṣàkíyèsí pé ojú kọ́kọ́ ṣú pátápátá, lẹ́yìn náà ni àga àti ògiri bẹ̀rẹ̀ sí yọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn onígi ni ó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ó sì ń tó ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kí ara wọn tó balẹ̀ tán. Ohun tí wọ́n fi ń mú ìmọ́lẹ̀ ni a fi èròjà fítámì Á ṣe. George Wald ni ó rí fítámì náà nínú awọ ìríran ní 1933. Ìdí nìyí tí ọmọ tí kò bá rí oúnjẹ tí ó ní in jẹ kì í fi í ríran bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Epo pupa wa kún fún èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì yìí, bí a kò bá yọ́ ọ títí ó fi funfun.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà bàrá díẹ̀. Irú olókòtó mẹ́ta ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtànṣán tí ó yá a lára jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbọ́ èyí, wọ́n sì rántí pé dúdú, funfun àti pupa ni àwọ̀ mẹ́ta tí èdè wa fi ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n wá so méjèèjì pọ̀ pé mẹ́ta ni ojú Yorùbá ń rí. Àṣìrò gbáà ni. Ojú aláró tí ó ń rẹ aṣọ ní Abẹ́òkúta ń fi ìyàtọ̀ sí àyìnrín àti ẹtù láìṣì í mú. Ọ̀rọ̀ tí èdè yàn láti fi ṣe ìpìlẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí a bí mọ́ ènìyàn jẹ́ ọ̀tọ̀. Ojú kan náà ni a jọ ní pẹ̀lú ará Ṣáínà àti ará Jámánì.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Èrò gbogbo wa ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan agbàmọ́lẹ̀, yóò ta gìrì, yóò sì kígbe sí alárinà pé, "Mo rí i o!" Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀. Inú òkùnkùn ni agbàmọ́lẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, àwọn ihò kéékèèké kan ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀, agbára iná ń wọlé, ó sì ń tú oògùn rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ glutamate, sójú ìpàrokò láìdáwọ́ dúró. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, èròjà fítámì Á tí ó wà nínú rẹ̀ yóò yí ìrísí padà; èyí yóò ti àwọn òmíràn lẹ́yìn-ò-rẹyìn títí àwọn ihò náà yóò fi pa dé; agbára iná inú rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, oògùn tí ó ń tú yóò sì dínkù. Tsuneo Tomita, ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó ti abẹ́rẹ́ dígí tín-ín-rín bọ inú olókòtó ẹja ní 1965 tí ó sì rí i pé sísàlẹ̀ ni agbára náà ń lọ bí ìmọ́lẹ̀ bá dé. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu nígbà náà. Òkùnkùn ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ojú wa. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́.

Báwo wá ni ìdákẹ́jẹ́ ṣe lè di ìròyìn? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí òpópónà kan ní Okokomaiko tí ọlọ́dẹ ń ṣọ́ lóru. Irin ni ọlọ́dẹ náà ń lù lára òpó iná: gbàn-ìn, gbàn-ìn. Ẹni méjì ni ó ń gbọ́ ọ. Ọ̀kan ni onísọ̀ọ̀bù tí ó kó gbogbo owó rẹ̀ sínú ọjà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń gbọ́ irin, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ń sùn fọnfọn. Bí irin bá dákẹ́ ni yóò fò dìde. Èkejì ni ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí òpó náà. Irin kì í jẹ́ kí ó sùn. Bí ó bá dákẹ́ ni ó tó fojú kan oorun. Irin kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́, síbẹ̀ ohun tí ó ń jí ọ̀kan ni ó ń mú èkejì sùn.

Báyìí gan-an ni àwọn alárinà inú ojú ṣe pín sí méjì. Àwọn kan dà bí ayálégbé: glutamate ń ta wọ́n jí, wọ́n sì ń ròyìn òkùnkùn. Àwọn yòókù dà bí onísọ̀ọ̀bù: glutamate ń rẹ̀ wọ́n nípẹ̀, ìgbà tí ó bá dínkù, èyíinì ni ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé, ni wọ́n ń jí, wọ́n sì ń ròyìn ìmọ́lẹ̀. Níbo ni ìyàtọ̀ wọn wà? Kò sí nínú oògùn náà, nítorí ọ̀kan náà ni. Ara ohun tí ó ń gba oògùn ni ó wà. Ti àwọn aròyìn-òkùnkùn jẹ́ ilẹ̀kùn tí glutamate ń ṣí tààrà. Ti àwọn aròyìn-ìmọ́lẹ̀ jẹ́ oríṣi mìíràn, tí Nakanishi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyoto ṣàwárí ní 1993. Bí glutamate bá kàn án, ńṣe ni yóò ránṣẹ́ sínú ilé pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gba àrokò ni ìtumọ̀ wà lóòótọ́. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí a bí tí ohun agbàrokò yìí bà jẹ́ lára àwọn aròyìn-ìmọ́lẹ̀ wọn. Àwọn onígi wọn pé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ wọn kò lè ríran lóru, nítorí pé ìránṣẹ́ jíṣẹ́, kò sí ẹni tí ó gbà á.

Èrè wo ni ó wà nínú kí ojú ní ọ̀nà méjì? Ẹ wo ìwé tí ẹ fi ń kọ́ni. Lẹ́tà dúdú lórí ìwé funfun ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ojú lè ròyìn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò kàn jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kéde òkùnkùn, lẹ́tà náà ní olùkéde tirẹ̀, kíákíá ni a sì ń rí i.

Iṣẹ́ àìsinmi ni títú oògùn yìí tọ̀sán tòru. Bí ẹ bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń da kọnkéré sí òkè ilé rí, ẹ ó ti rí àwọn alágbàṣe tí wọ́n tò gbọọrọ, tí agbada kọnkéré ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì láìsí àlàfo. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní ìdí agbàmọ́lẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ kan bíi rìbọ́ọ̀nù dúró síbẹ̀. Àpò oògùn kéékèèké tò sí i lára, wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò kàn wọ́n láti tú. Rìbọ́ọ̀nù kan tàbí méjì ni onígi máa ń ní. Ti olókòtó lè tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní ètò yìí ni pé agbàmọ́lẹ̀ lè fi oògùn kún un tàbí kí ó dín in kù ní ìwọ̀n kín-ín-kín-ín, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń pọ̀ tàbí tí ó ń dínkù.

Àwọn tí wọ́n mọ ìlù yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí. Ohùn dùndún lè rọra lọ sókè, kí ó rọra wálẹ̀; kò sí ibi tí kò lè dúró sí láàárín. Agogo kò rí bẹ́ẹ̀: kí ó dún tàbí kí ó má dùn-ún ni, bí a bá fẹ́ kí ó sọ ohun púpọ̀, àfi kí a lù ú léraléra. Àwọn agbàmọ́lẹ̀ àti àwọn alárinà ń sọ̀rọ̀ bíi dùndún, nítorí ọ̀nà wọn kò jìn, kò tó mílímítà kan. Ṣùgbọ́n ohùn bẹ́ẹ̀ a máa kú sọ́nà bí ìrìn bá gùn. Láti ẹyinjú dé inú ọpọlọ jìn. Nítorí náà ni àwọn akéde fi ń sọ ọ́ di agogo: bí ìròyìn bá gbóná, wọn a lù ú kíkankíkan, bí ó bá tutù, wọn a lù ú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ti fi àwọn kan sílẹ̀ láìdárúkọ. Àwọn ni sẹ́ẹ̀lì adábùú, tí wọ́n nà gbalaja sí ìdí àwọn agbàmọ́lẹ̀, tí wọ́n sì so ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn pọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi agbàmọ́lẹ̀ kan wé àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ ní àyíká, adábùú yóò jẹ́ kí èyí tí ó wà láàárín tú oògùn sí i, bí ẹni pé òkùnkùn tirẹ̀ le ju bí ó ti rí lọ. Haldan Keffer Hartline ni ó kọ́kọ́ wọn irú ìdíje báyìí, lára ojú ẹranko inú òkun kan tí ó ní èèpo bí akàn; ó wà lára ohun tí a tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1967, òun pẹ̀lú Wald tí a ti dárúkọ àti Ragnar Granit.

Ẹ lè dán an wò láìná kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá ṣì ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ayé àtijọ́ tí dígí rẹ̀ yọ ikùn síta, tàbí tí ó bá rí àlòkù rẹ̀ ní ọjà Alábà, kí ó wo ojú rẹ̀ nígbà tí a kò tàn án. Kò dúdú, àwọ̀ eérú ni. Ẹ wá tàn án. Irun orí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ dúdú kirikiri! Ibo ni dúdú náà ti wá? Ẹ̀rọ náà kò lè tú òkùnkùn jáde; ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń tú. Bákan náà ni ó rí ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a ti ń ju àwòrán sára ògiri funfun: ibi tí ẹ rí bíi dúdú nínú àwòrán kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe ògiri funfun yẹn tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Àwọn adábùú inú ojú yín ni wọ́n fi àyíká rẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ wé e, tí wọ́n sì pè é ní dúdú. Láti 1959 tí amóhùnmáwòrán ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ni a ti ń jẹ nínú oore wọn, tí a kò sì dúpẹ́.

Ó kù kí a sọ ti èrò tí ó pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Agbàmọ́lẹ̀ tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù 100 ni ó wà nínú ojú kan; àwọn akéde kò ju bíi mílíọ̀nù 1 lọ. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Okokomaiko láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ojú yanjú rẹ̀ nípa fífi ojúsàájú ṣe é. Ní àárín gbùngbùn awọ ìríran, ibi tí a fi ń kàwé tí a fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, olókòtó kan lè ní alárinà tirẹ̀ àti akéde tirẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún onígi ni yóò jọ pín akéde kan lò. Nítorí náà ni a fi lè tètè mọ̀ pé ọ̀kadà kan ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tí a kò sì lè ka nọ́ńbà rẹ̀ àfi bí a bá kọjú sí i.

Ibì kan tilẹ̀ wà tí a kò ríran rárá: ibi tí gbogbo okùn àwọn akéde ti kó ara wọn jọ láti jáde kúrò nínú ẹyinjú. Kò sí agbàmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ na apá yín méjèèjì síwájú, kí ẹ gbé àtàǹpàkò méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ di ojú òsì. Ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àtàǹpàkò òsì, ẹ má gbé ojú kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá máa sún ti ọ̀tún lọ sí apá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 16 jìnnà sí èkejì, orí rẹ̀ yóò pòórá. Ẹ kò ní rí ihò dúdú kankan níbẹ̀ o. Ọpọlọ yóò fi ohun tí ó wà ní àyíká dí i, bí aránṣọ tí ó mọṣẹ́ ti ń lẹ aṣọ tí ojú ibẹ̀ kò fi ní hàn. Láti ọjọ́ tí a ti bí yín ni ihò náà ti wà, ta ni ó sì mọ̀ nínú yín?

Mo fẹ́ kí ìbéèrè yẹn dúró sí yín lọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni àrùn tí mo mẹ́nu bà fara pamọ́ sí. Gílókómà ni orúkọ rẹ̀. Àwọn akéde ni ó ń pa. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú ẹyinjú a máa ti ara ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì máa ni àwọn okùn akéde lára ní ojú ibi tí wọ́n ti ń jáde. Nígbà mìíràn, ìtìpá omi kò pọ̀, síbẹ̀ àwọn okùn náà ń kú. Àwọn agbàmọ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn alárinà ń jíṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lu agogo ti lọ. Ìwádìí tí a ṣe lára eku fi hàn pé kí akéde tó kú, àwọn ẹ̀ka tí ó fi ń gba àrokò a ti máa rọ, àwọn ojú ìpàrokò rẹ̀ a sì ti máa dínkù. Ẹ̀gbẹ́ ni àdánù náà sábà ń ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní ìrora, kò ní ojú pípọ́n, ọpọlọ sì ń bá a lẹ aṣọ náà lọ. Ẹni náà ṣì ń ka ìwé ìròyìn, ó ṣì ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, tàbí tí kò rí kòtò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ohun tí ó ti lọ ti pọ̀.

Láàárín 2005 sí 2007 ni a ṣe ìwádìí ojú kárí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí a yẹ ojú ènìyàn tí ó lé ní 13,000 wò, gbogbo wọn ẹni 40 ọdún sókè. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí ẹni márùn-ún ni ó ní gílókómà. Nínú àwọn tí ó ní in, kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú ogún lọ tí ó ti gbọ́ rí pé òun ní in. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn sì ti fọ́jú. Ìwádìí náà tún rí i pé àrùn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá àti àwọn Ìgbò ju bí ó ti wà láàárín àwọn Hausa àti Fúlàní lọ. Kò sí èpè níbẹ̀, kò sì sí ọwọ́ ayé. Ohun tí ó ń gba inú ẹbí wá ni; ẹni tí bàbá, ìyá tàbí ọmọ-ìyá rẹ̀ bá ní in wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ni a ti ń sọ pé "ojú bàbá ṣú nígbà tí ó dàgbà", tí a sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Oníṣègùn yóò wọn ìtìpá omi inú ojú, yóò fi iná wo ojú ibi tí iṣan ojú ti ń jáde, yóò sì ní kí ènìyàn tẹjú mọ́ ibì kan kí ó máa tẹ bọ́tìnnì bí ó bá ti rí iná kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, tí í ṣe ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, àti ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ti LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ti sábà ń wọ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ràn wá lọ́wọ́. A fún ènìyàn ní oògùn tí yóò máa kán sójú lójoojúmọ́. Ó kán an fún oṣù mẹ́ta, kò rí ìyàtọ̀ kankan, ó ní oògùn náà kò jẹ́, ó sì fi í sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé oògùn náà ń jẹ́. A kò fún un láti dá ohun tí ó ti lọ padà, nítorí akéde tí ó bá kú kì í hù mọ́. A fún un kí ìtìpá omi lè rọlẹ̀, kí àwọn akéde tí ó kù má baà bá àwọn tí ó ti lọ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò yí padà láti ọdún dé ọdún, iṣẹ́ tí a rán oògùn ni ó ń jẹ́ yẹn. Olóòtú ètò, mo rí i pé ìwé ìbéèrè ti kún iwájú yín. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àkọ́kọ́.